Wọ́n Ní Ẹ̀rọ Ló Kọ Ìtàn Màmá Mi Àgbà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 26 ni mí, Abẹ́òkúta ni mo dàgbà sí. Mo kọ ìtàn kan nípa màmá mi àgbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ aró ní Ìtòkú, mo sì fi ránṣẹ́ sí olóòtú ìwé ìròyìn kan. Ọjọ́ kejì ló dá a padà, ó ní ẹ̀rọ tó ń dá kọ̀wé, irú ChatGPT, ló kọ ọ́. Ìdí mẹ́ta ló sọ: àmì ohùn mi pé jù, òwe pọ̀ níbẹ̀, èdè náà sì ń dán jù. Mà, èmi ni mo kọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ẹ̀rọ ṣe ni pé mo ní kó bá mi fi àmì sí ojú ewé kejì, torí ó ti rẹ̀ mí. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Ṣé kí n máa kọ Yorùbá láìfi àmì sí i ni, kí wọ́n lè gbà pé ènìyàn ni mí? Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi ní sọ bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́? Ìtàn náà nìyí, ẹ dákun, ẹ bá mi kà á.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ́kọ́ fi ojú kà á, lẹ́yìn náà mo kà á sókè nínú yàrá, torí etí ni mo fi ń ṣiṣẹ́ olóòtú láti ohun tó lé lógún ọdún. Ìwọ lo kọ ọ́. Ojú ewé kìíní ló jẹ́ kó dá mi lójú, níbi tí o ti ní ọwọ́ màmá dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, pé nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ẹ kì í fẹ́ jẹ ẹ̀bà tí wọ́n bá tẹ̀ àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ yẹn nu aṣọ funfun kí ẹ rí i pé aró kò ràn. Ọmọ tó jẹun lọ́wọ́ aláró ló ń rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn ọ́. Nǹkan kan wà nínú ìtàn náà tí kò ṣe déédéé, olóòtú yẹn sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó gbọ́ òórùn, ó wá lọ tọ́ka sí ibi tí òórùn ò ti jáde.

Àmì ohùn ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló dùn mí jù. Má yọ ọ̀kan ṣoṣo kúrò. Àwọn àlùfáà jókòó lórí ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀ ní Èkó ní 1875, àwọn onímọ̀ tún un gbé yẹ̀ wò lẹ́yìn òmìnira, ìjọba sì fọwọ́ sí èyí tí à ń lò lónìí ní 1974, èyí tó sọ "aiye" di "ayé". Ẹni tó bá kọ "igba" láìfi àmì sí i kò tíì sọ fún wa bóyá òǹkà ló ń kà, tàbí igbá tí a fi ń bomi, tàbí ìgbà tó ń lọ, tàbí igbà tí ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. A ti wá dé ibi tí wọ́n ti ń fura sí ọmọ Yorùbá torí pé ó kọ Yorùbá rẹ̀ tán. Lójú tèmi, ìyẹn burú ju kí ẹ̀rọ jókòó kọ ìtàn lọ.

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ àmì tí ọwọ́ ènìyàn fi sí ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ, àṣìṣe ni kó wò. Ènìyàn tó ń kánjú máa ń gbàgbé nǹkan: á fo àmì abẹ́ ẹ, á lẹ "nígbà" mọ́ "tí", á kọ "wípé" níbi tí "pé" ti tó. Ti ẹ̀rọ yàtọ̀. Ńṣe ló máa ń méfò, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ lórí èyí tó bá mú. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní àmì rárá, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí ẹ̀rọ ti kọ́ èdè wa, nítorí náà ó ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ta ọfà lókùnkùn. Lójú ewé kejì rẹ, mo ka "ọkọ̀ rẹ̀ kú ní 1987." Bàbá tó bí ìyá rẹ ti di ohun tí wọ́n ń wà lójú títì. Bó ti wù kó rẹ̀ ọ́ tó, ìwọ kò lè fi ọwọ́ ara rẹ kọ ìyẹn.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ lójú ewé yẹn tí mo rò pé o kò fura sí. Lójú ewé kìíní, "wọ́n" ni o ń pe màmá láti òkè dé ìsàlẹ̀: "Màmá dé, wọ́n ní ta ló tú ìkòkò." Nígbà tí mo ṣí ojú ewé kejì, màmá ti di "ó": "Màmá àgbà mi dé, ó sì sọ pé." Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Abẹ́òkúta kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá ìyá rẹ̀ ní "ó" láàárín ojú ewé méjì. O ní kí ẹ̀rọ bá ọ fi àmì sí i. Ó fi àmì sí i lóòótọ́, ó sì tún ọ̀rọ̀ rẹ kọ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀wọ̀ nínú ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ̀rọ yẹn jẹ dàgbà. Mú ìwé tí o kọ́kọ́ kọ jáde, tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí o fi ránṣẹ́, kí o fi ìka tọ wọ́n lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé wàá rí i.

Ní ti pé èdè "ń dán jù", ẹjọ́ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì kì í ṣe ẹ̀rí. Ní oṣù kẹrin 2024, Paul Graham, ọ̀kan lára àwọn tó dá Y Combinator sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tó ń fi owó ti àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun lẹ́yìn, kọ ọ́ sórí X pé ẹnì kan fi lẹ́tà dábàá iṣẹ́ kan fún òun tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "delve" (wádìí jinlẹ̀) wà nínú rẹ̀, òun sì fi ìyẹn mọ̀ pé ChatGPT ló kọ ọ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà dá a lóhùn lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí àwọn kọ́ níléèwé ni, pé ojoojúmọ́ ni àwọn ń lò ó. Lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà pọ̀ sí i nínú ìwé lẹ́yìn tí ChatGPT jáde ní ìparí 2022. Àwọn olùwádìí kan ka àkópọ̀ iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn tó lé ní mílíọ̀nù 15, láti 2010 dé 2024, wọ́n wo ọ̀rọ̀ tó ṣàdédé pọ̀ sí i, wọ́n sì rí i pé ó kéré tán 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti 2024 ni irú ẹ̀rọ yìí fọwọ́ kàn. Mo gba ìṣirò náà gbọ́. Ṣùgbọ́n agbo ni irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa, kì í ṣe àgùntàn kan. Kò lè sọ fún olóòtú rẹ pé ìtàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, ẹ̀rọ ló kọ ọ́.

Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ní àwọn lè mú ẹ̀rọ mìíràn náà ti kùnà. Ilé-iṣẹ́ OpenAI tó ṣe ChatGPT fúnra rẹ̀ gbé ọ̀kan jáde ní oṣù kìíní 2023. Nínú ìdánwò tí wọ́n fúnra wọn ṣe, 26 péré ló dá mọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì fẹ̀sùn kan 9 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ènìyàn. Kí oṣù keje ọdún náà tó parí, wọ́n ti gbé e kúrò nílẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford kó àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ nínú TOEFL, ìdánwò tí wọ́n fi ń wo bí wọ́n ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó, wọ́n fi í síwájú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ méje. Tí a bá pín in dọ́gba-n-dọ́gba, ohun tó lé ní 61 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ènìyàn ló kọ gbogbo wọn. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi owó rẹpẹtẹ kọ́ ẹ̀rọ nìyẹn o. N kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi gbé ẹjọ́ Yorùbá lọ síwájú irú adájọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku òórùn tí olóòtú gbọ́. Yorùbá ìtumọ̀ ni, mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́ mi níbí, torí kì í ṣe ẹ̀rọ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti ọdún pípẹ́ ni àwa oníròyìn àti àwa olùkọ́ ti ń gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì síwájú, tí a ń yí i sí Yorùbá bí aago ti ń lé wa. A bí "kó ipa pàtàkì", a bí "nípasẹ̀", a bí "ó ṣe pàtàkì láti mọ̀ pé". Ìtumọ̀ wà lára Yorùbá tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kọ́kọ́ rí kó jọ. Ní 2019, àkójọ ọ̀rọ̀ kan jáde tí wọ́n kó láti inú ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ní èdè tó lé ní 300, Yorùbá sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtumọ̀ èdè Áfíríkà ló fi í kọ́ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí Yorùbá ẹ̀rọ fi máa ń dún nígbà mìíràn bí ìwé àṣàrò kúkúrú tí wọ́n ń pín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ kọ́ ohun tí a kọ fún un. Mo rí "kó ipa pàtàkì" lójú ewé kìíní rẹ náà, ibi tí ẹ̀rọ kò dé. Ọwọ́ rẹ ló kọ ìyẹn, ilé ìwé àti rédíò ló sì kọ́ ọ.

Wo ohun tí o kọ: "Àdìrẹ kó ipa pàtàkì nínú ìdàgbàsókè ìdílé wa." Lẹ́yìn gbólóhùn mẹ́ta, o ní owó àdìrẹ ni màmá fi rán ìyá rẹ lọ sí ilé ìwé olùkọ́. Gbólóhùn kejì yìí ti sọ ohun gbogbo tí ti àkọ́kọ́ fẹ́ sọ. Pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí a wá jókòó tì, torí ibẹ̀ ni Yorùbá ti ń mí. Gbólóhùn rẹ lójú ewé kejì nìyí: "Màmá àgbà mi gbé aṣọ náà sínú aró pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé e jáde, ó sì gbé e lọ sí orí okùn." Gbé, gbé, gbé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ wá fún gbogbo rẹ̀. Ṣé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà nílé yín? Nílé yín, wọ́n ń pọn ọmọ, wọ́n ń ru igi, wọ́n ń kó abọ́, wọ́n ń mú síbí, wọ́n ń gbé àga, wọ́n ń wọ́ àpò sìmẹ́ǹtì, wọ́n ń fi ìwé há abíyá. Bí ọ̀rọ̀ bá kan aṣọ wíwọ̀, wọ́n ń wọ bùbá, wọ́n ń ró ìró, wọ́n ń wé gèlè, wọ́n ń dé fìlà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ń béèrè pé ojú rẹ wà níbẹ̀. Ẹni tí kò rí bí ẹrù ṣe rí, tí kò mọ̀ bóyá orí ló wà tàbí ẹ̀yìn, kò lè mú èyí tó tọ́.

Nítorí náà, màá kọ ọ́ báyìí: "Màmá ri aṣọ bọ aró, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó mu dáadáa, wọ́n fà á yọ, wọ́n sá a sórí okùn." Ṣùgbọ́n èmi náà há síbì kan. Nígbà tí wọ́n fà á yọ, ṣé wọ́n fún un ni, àbí wọ́n jẹ́ kí omi rẹ̀ kán? Tó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí ẹ̀kọ tí wọ́n fi ya àrà ṣì wà lára rẹ̀, ṣé èèyàn lè fún irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀kọ náà má ṣí? Èmi ò sí níbẹ̀. Ìwọ lo wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa wà níbẹ̀ yẹn, ọwọ́ rẹ nìkan ló wà.

Ohun tí mo fi ń mọ ìwé tí ènìyàn kọ lóòótọ́ nìyí: bí mo bá bi òǹkọ̀wé ní ìbéèrè kan sí i, yóò ní èsì tí kò kọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà lè kọ pé ọwọ́ aláró dúdú, n kò jiyàn. Ó tilẹ̀ lè kọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ọwọ́ wo ló dúdú jù, ọ̀tún tàbí òsì, tí mo ní kí ló dé, ohun tí yóò bá wù ú ni yóò fi dá mi lóhùn, kò sì ní ẹnì kankan tó lè lọ bi. Ìwọ máa rò ó, tàbí kí o dìde lọ bi màmá.

"Pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀" tó wà nínú gbólóhùn yẹn náà kò wúlò. Ta ló ń fi ẹsẹ̀ ri aṣọ bọ aró? Nísàlẹ̀, o ní "ó ya àwòrán sí ara aṣọ pẹ̀lú iyẹ́ adìyẹ." Yorùbá ní "fi": "wọ́n fi iyẹ́ adìyẹ ya àrà sára aṣọ." Níbi gbogbo tí "pẹ̀lú" bá ti ń di ohun èlò mú, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá "fi" ló ń wá. Bákan náà ni "aṣọ náà dúdú púpọ̀." Èdè tó ní gbóná fẹlifẹli, pupa fòò àti òkùnkùn biribiri kò yẹ kó máa lo "púpọ̀" báyìí. Bí màmá bá ń yin aṣọ tó gba aró, kí ni wọ́n máa ń sọ? Ó dúdú bí kóró iṣin? Ohun tí wọ́n bá sọ ni kí o kọ. Bí wọ́n bá sì fọ Ẹ̀gbá níbẹ̀, má ṣe tún un ṣe.

Mo rí "kẹ́míkà alágbára" lójú ewé kejì. Aláró ń pè é ní sódà. Sódà ni kí o kọ. Jẹnẹrétọ̀ tí o kọ lójú ewé kìíní dára, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i sí ẹ̀rọ amúnáwá torí pé ó gùn, ó sì jọ ti ìwé. Àlùbọ́sà náà wọlé láti ibòmíràn, ọbẹ̀ wa kò sì mọ̀ ọ́n ní àjèjì.

Òwe ni olóòtú tọ̀nà sí díẹ̀. Méje ni mo kà nínú ojú ewé mẹ́ta, "òwe lẹṣin ọ̀rọ̀" ló sì ṣáájú. N kò gbà pé ìyẹn fi hàn pé ẹ̀rọ ni. Gbogbo wa ni wọ́n kọ́ níléèwé pé àròkọ tí kò ní òwe kò dùn. Ṣùgbọ́n òwe tí a tò jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ kò ní ẹni tó pa á. Láàárín ènìyàn, òwe ní ẹni tó ń pa á àti ẹni tí wọ́n pa á fún. Bí ọmọdé bá pa á lójú àgbà, á ní "tótó ó ṣe bí òwe", àgbà á sì ní "wàá rí òmíràn pa." Mo wá èyí tó ní ẹni tó pa á nínú méje rẹ, mo rí ọ̀kan: ibi tí ọwọ́ rẹ ti ń yára lórí aṣọ, tí ẹ̀kọ ń tò kọjá ìlà, tí màmá ní "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn." Mo gbọ́ ohùn wọn. Fi ìyẹn sílẹ̀, yọ mẹ́fà yòókù.

Wàá bi mí pé ṣé kí o má fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́. N kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Fífi àmì sí ọ̀rọ̀ ń tán ènìyàn lókun, mo mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà bíi ẹ̀ tàbí ọ́ kò tilẹ̀ ní àyè tirẹ̀ ní ẹyọ kan nínú ètò lẹ́tà kọ̀ǹpútà, ńṣe la ń to àmì lé e lórí. Wá kíbọ́ọ̀dù tó ní àmì Yorùbá, kí o máa fi ìka ara rẹ tẹ̀ ẹ́. Oṣù kan péré, á mọ́ ọ lára. Tí o bá fẹ́ lo ẹ̀rọ, fún un ní ìpínrọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kí o sì kà á sókè lẹ́yìn tó bá ṣe tán, kí ẹlòmíràn sì máa fi ojú bá ọ wo èyí tí o kọ tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ ọ jẹ́ ẹni tó ń sọ Yorùbá lójoojúmọ́, tí kò sì bìkítà fún àròkọ. Ibi tó bá ti ní "kí lo wí?", Gẹ̀ẹ́sì ló wà lábẹ́ ibẹ̀.

Kọ̀wé sí olóòtú náà, má bínú sí i. Sọ fún un pé o lo ẹ̀rọ fún àmì lójú ewé kejì, pé ó ba ọ̀rọ̀ rẹ jẹ́, pé o ti tún un ṣe. Ya fọ́tò ìwé tí o fọwọ́ kọ, fi sí i. Ní kó bi ọ́ ní ohunkóhun tó bá fẹ́ mọ̀ nípa aró, nípa ẹ̀lú, nípa ọjọ́ mélòó ni ìkòkò fi ń jókòó kó tó gbó. Olóòtú tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ yóò béèrè.

Kí o tó fi í ránṣẹ́, ohun kan ṣì kù. Ní ìparí ìtàn, o ní aṣọ tí màmá gbé fún ọ lọ́jọ́ tí o jáde ìwé jẹ́ "aṣọ aláràbarà tó rẹwà." Aṣọ ẹlẹ́kọ máa ń ní orúkọ. Ṣé Olókun ni? Ṣé Olóba ni, èyí tí wọ́n fi sọrí ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ayaba rẹ̀ ní 1935? Àbí Ìbàdàndùn, tó ní òpó Mápó lára? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, tú u jáde nínú àpótí, gbé e lọ bá wọn ní Ìtòkú, kí o ní kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí àrà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ fún ọ. Fóònù rẹ lè gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo ń retí ìpínrọ̀ ìparí náà.